Pàkúté Bàbá Harriet

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì náà rọra kúnlẹ̀ sídìí ebè ẹ̀pà rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ń ta á, ṣùgbọ́n ó ní láti ṣe kíá kí Bàbá Harriet tó fọ ọwọ́ tán nídìí ẹ̀rọ omi.

Láti oṣù kan tí ọ̀kẹ́rẹ́ ti ń hú ẹ̀pà rẹ̀ ni aládùúgbò yìí, tí ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí, ti ń wá bá a lé e láràárọ̀. Bí wọ́n bá lé e tán, wọn a jọ mu tíì, ẹ̀rín wọn a sì gba gbogbo àdúgbò Ìbarà kan. Àfi bó ṣe gbé pàkúté dé lónìí.

"Màmá Nọ́ọ̀sì," ló wí, "tó bá ti kó sí i báyìí, ẹ ó sinmi wàhálà mi."

Ta ló ní òun fẹ́ sinmi?

Obìnrin náà nawọ́ kó yọ ẹyìn tí ọkùnrin náà fi sínú pàkúté kúrò. Ìgbà náà ló rí òwú. Bàbá Harriet ti fi òwú so irin pàkúté náà pinpin. Bí erin tẹ̀ ẹ́, kò lè ré.

"Háà! Kí lẹ ń wá nílẹ̀, pẹ̀lú orúnkún yín?" Bàbá Harriet ti dé.

"Koríko ni mò ń tu. Ẹ fà mí dìde, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé pàkúté yín á mú un lónìí?"

Ọkùnrin náà fà á dìde, kò sì fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ọ̀kẹ́rẹ́ Ẹ̀gbá gbọ́n o. Ó lè gbà wá tó ọdún méjì."

"Kò burú. A ò kánjú."

Lẹ́yìn wọn, ọ̀kẹ́rẹ́ ti jókòó sórí pàkúté, ó ń jẹ ẹyìn.