Ẹni Tó Dọ̀bálẹ̀ Nínú Tẹlifíṣọ̀n

Akeem Ògúnmọ́dẹdé ń du ipò alága káńsù, gbogbo Ọ̀tan-Ilé ló sì mọ̀ pé yóò fìdí rẹmi. Ẹnjiníà Ayọ̀ḿpọ̀sí tí wọ́n jọ ń du ipò náà ti wà nínú tẹlifíṣọ̀n láti oṣù mélòó kan. Eyín rẹ̀ funfun, orin rẹ̀ dùn, kò sì wá sí ìlú rárá.

Nígbà kan, ẹni tó bá fẹ́ ìbò á wá láti ilé dé ilé. Á dọ̀bálẹ̀, wọn á ní kó dìde, kó tó wá sọ tẹnu rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ti fòpin sí ìyẹn. Òṣogbo ni wọ́n ń jókòó sí báyìí tí wọ́n ń bá ìlú sọ̀rọ̀. Bàbá Ọdúntán, tó dàgbà jù ládùúgbò, kò fẹ́ràn rẹ̀.

"Ọmọ tí mo mọ ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ," ni baba náà wí, "òun ló gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, tó ń na ìka sí mi nínú pálọ̀ mi."

Akeem ní tirẹ̀ ṣì ń rìn láti ilé dé ilé. Gbalaja ló máa ń dọ̀bálẹ̀. Nílé Bàbá Ọdúntán, baba náà ní kó dìde, kò dìde, ó tún ní kó dìde, àfìgbà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á sókè. Ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n ti kírun tán, àwọn èèyàn ti ń wá bàtà wọn, iwájú orí Akeem ṣì wà nílẹ̀. Wọ́n ní ìṣèlú kò tíì ba ọmọ yìí jẹ́.

Ìyàwó rẹ̀, Ṣèyífúnmi, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀, dókítà sì ní kò gbọdọ̀ tíì pọnmọ, nítorí náà Akeem ló ń pọn ọmọ náà, Dárasími, lóru. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Ẹnjiníà gbọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe Akeem ní Ìyá Dárasími lójú pópó.

Ó dun Ṣèyífúnmi. Ó ta oko kòkó tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ní Ifẹ̀wàrà, ó fi ra ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún ọkọ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Òṣogbo. Kò ní nǹkan mìíràn lẹ́yìn oko yẹn. Ó kọ́ Akeem ní ohun tó máa sọ: ọ̀nà, omi, ilé ìwòsàn.

"Ṣáà ti sọ ọ́ tán," ni ó wí. "Oko bàbá mi ló wà lẹ́nu rẹ yẹn."

Lọ́sàn-án Sátidé, pálọ̀ Bàbá Ọdúntán kún. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Akeem yọ nínú tẹlifíṣọ̀n, ó wà lórí àga, ó wọ agbádá àwọ̀ ojú ọ̀run, ojú rẹ̀ sì pọ́n díẹ̀.

"Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi," ni ó wí, "mo dọ̀bálẹ̀ o."

Ó sì dọ̀bálẹ̀. Bó ṣe lọ sílẹ̀ ni kò sí lójú tẹlifíṣọ̀n mọ́. Ó ku àga.

Wọ́n dúró dè é. Bàbá Ọdúntán sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó ní kó dìde. Gbogbo ilé bá a ní kó dìde. Màmá Susannah, aládùúgbò wọn, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọjú wo abẹ́ tẹlifíṣọ̀n bóyá òun á rí i níbẹ̀. Àga kò mira.

"Kò gbọ́ wa ni," ni baba náà wí níkẹyìn. "Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ kì í sì í dá ara rẹ̀ dìde."

Wọ́n wo àga títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fi pé. Ṣèyífúnmi ń wo oko rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń polówó ọṣẹ.

Fóònù Ṣèyífúnmi dún. Olúwatósìn ni, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń darí ètò náà. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, wọn ò tíì dìde o. Ta ni mo jẹ́ tí màá ní kí wọ́n dìde? Ẹ̀yin àgbà ìlú wọn ni wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún." Ó gbé fóònù sí Akeem létí. Bàbá Ọdúntán pariwo sínú rẹ̀ pé kó dìde. Akeem kò dìde.

"Kò jẹ̀bi," ni Màmá Susannah wí. "Ojú la fi ń gba ìdọ̀bálẹ̀. Ta ló ń fi fóònù gbà á?"

Wọ́n háyà bọ́ọ̀sì lọ sí Òṣogbo. Ṣèyífúnmi jókòó sẹ́yìn, ó gbé ọmọ lé ẹsẹ̀.

Wọ́n bá Akeem bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀, ó dojú bolẹ̀, ó fi apá gbé iwájú orí. Àwọn òṣìṣẹ́ ti bọ́ bàtà, wọ́n ń yọ́ rìn. Yàrá mìíràn ni wọ́n ti lọ ń ka ìròyìn. Bàbá Ọdúntán fi ọ̀pá kan èjìká rẹ̀.

"Dìde, ọmọ Ọbòkun. A ti rí ọ."

Kò mira. Ibẹ̀ ni ọmọ Ṣèyífúnmi ti figbe ta, Akeem sì dìde sórí eékún. Bàbá Ọdúntán rí bí ojú rẹ̀ ṣe pọ́n, ẹkún gba òun náà. Akeem na ọwọ́ méjèèjì, ó sọ nǹkan kan sí ìyàwó rẹ̀ létí.

Wọn kò tíì pa kámẹ́rà, ṣùgbọ́n kò gba ohùn. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń gbé àwòrán náà jáde títí di ọjọ́ ìbò, ètè Akeem ń mì, ọwọ́ rẹ̀ nà, àwọn èèyàn sì ní àdúrà ló ń gbà fún ìlú. Ẹnjiníà náà dọ̀bálẹ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n lọ́sẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ó dá ara rẹ̀ dìde, wọn kò sì dárí jì í. Akeem wọlé. Láti ìgbà náà, tí ìbò bá ti ń bọ̀ lágbègbè wa, àga òfìfo là ń wò.

Ohun tí Akeem sọ sí ìyàwó rẹ̀ létí ni pé, "Ó tún ti jí, àbí? Gbé e wá kí n pọ̀n ọ́n, ìwọ padà lọ sùn."