Ológbò Ń Kọ́ Ọmọdé Bí A Ti Ń Ṣubú

Àlọ́ mi fò sókè, ó balẹ̀ sórí Ológbò, tí í kọ́ àwọn ọmọ ẹranko ní eré ìfò. Kò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fò. Orí èèpo àgbàdo ni wọ́n ti ń yí gbirigbiri, tí Ológbò ń lé orin, tí wọ́n ń gbè é:

Ẹ ń ṣubú o, orí ńkọ́?
*Mo ká a mọ́ àyà!*
Ẹ̀yìn wá ńkọ́?
*Ó ń yí gbiri!*

Inú bí Ìyá Ọ̀bọ. "Olùkọ́, ṣé ìṣubú ni mo ní kí ẹ kọ́ ọmọ mi? Ìran wa kì í ṣubú!" Ó fa ọmọ rẹ̀ yọ, ó gbé e gun igi. "Wò mí dáadáa, bí a ti ń fò nìyí."

Ẹ̀ka tí wọ́n bà lé dá. Bí wọ́n ti ń já bọ̀, ọmọ ń kọrin: "Mo ká a mọ́ àyà!" Ó yí gbiri, ó dìde, ó gbọn eruku ara rẹ̀ nù. Ìyá rẹ̀ fìdí balẹ̀ gbì bí àpò èlùbọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyá Ọ̀bọ tiro dé ọ̀dọ̀ Ológbò. "Ẹ káàárọ̀, Olùkọ́. Níbo ni kí n dúró sí?"

Ológbò kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yìn ọmọ yín ni, Ìyá. Òun ni yóò lé orin lónìí. Ẹ̀yin, ẹ máa gbè é."