Ẹlẹ́dẹ̀ Ń Sáré Òwúrọ̀

Àlọ́ mi sáré títí, ó já sílé Ẹlẹ́dẹ̀, bàbá tó fi ogún ọdún jókòó. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Àjọkẹ́, ikùn yín ń wọ́ nílẹ̀! Ẹ máa sáré láràárọ̀."

Ẹlẹ́dẹ̀ ń sáré, ṣùgbọ́n nílé tí wọ́n bá ti ní, "Ẹ wá jẹun," kì í dáhùn pé, "Á gba ibi ire." Ńṣe ló máa ṣanwọ́. Ó sú ìyàwó, ó fi kọrin:

Ikùn ń tóbi sí i,
*Ẹ wá jẹun!*
Ẹnu ọ̀nà ò fẹ̀ sí i,
*Ẹ wá jẹun!*

Lóṣù kẹta, Ẹlẹ́dẹ̀ sáré dé, ó há sẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ fà mí o!"

Ìyàwó ń jẹ iṣu lọ́wọ́, kò dìde. Ó ní, "Ẹ wá jẹun."

Ẹlẹ́dẹ̀ nawọ́, ọwọ́ ò tó abọ́. Ó ní, "Á gba ibi ire."