Ilé Tó Ń Lọ sí Sùdáànù

Wolé-wolé fi ọ̀pá gbá táyà ọkọ̀ ológun àtijọ́ kan ní Dùgbẹ̀, ó sì yọ ìwé rẹ̀ jáde.

"Bàbá, ilé yìí kò ní ṣáláńgá."

"Ọkọ̀ ni, ọ̀gá," ni sójà tó ti fẹ̀yìntì, tó ni ọkọ̀ náà, dáhùn.

"Bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, sítóòfù wà níbẹ̀, àgbá omi wà níbẹ̀. Ilé ni. Kò gbọdọ̀ kúrò níhìn-ín títí ẹ ó fi gbẹ́ ṣáláńgá."

Ọdún méjì gbáko ni sójà yìí fi sọ ọkọ̀ náà di ibùgbé tí yóò gbé e dé Sùdáànù láìtọrọ omi tàbí ibùsùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí kò bá lọ lọ́sẹ̀ náà, òjò yóò ba ọ̀nà Òkè Ọya jẹ́. Ṣùgbọ́n irú ìyẹn kì í kan ẹni tí ìjọba ti fún ní fìlà láti máa fi dá aráàlú dúró.

"Ṣé ẹ ti wo inú omi náà, bóyá tanwíji wà níbẹ̀?" ni sójà bi í.

Wolé-wolé kò lè kọ irú ìpè bẹ́ẹ̀. Ó gun ọkọ̀, ó ki orí bọ inú àgbá. Sójà ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn, ó sì ṣíná ọkọ̀, ó wà á lọ.

Mọ́níyà ló ti dúró. Ó ṣílẹ̀kùn, ó ń retí èébú. Wolé-wolé ti bọ́ bàtà, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì ti gbé omi kaná.

"Bàbá, ṣé wọ́n ní wolé-wolé ní Sùdáànù?"

"N kò mọ̀."

"Ẹ ti ìlẹ̀kùn. Tíì á ti hó kí a tó dé Ọ̀yọ́."