Fèrè Lójú Fèrèsé

"Ẹ ṣí fèrèsé yẹn dáadáa," ni akápò ẹgbẹ́ olórin wí. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lórin, àpò ẹgbẹ́ sì ti gbẹ táútáú. Lọ́dọọdún, bó bá ti rí báyìí, wọ́n á ní kí afọnfèrè tí kò mọ̀ ọ́n fọn kọjú sílé bàbá tó múlé tì wọ́n. Kì í pẹ́ tí bàbá fi ń kówó wá: "Ẹ gbà, ẹ jẹ́ n sinmi."

Ẹ̀kẹ́ afọnfèrè wú, fèrè sì ké bí ewúrẹ́ tó ń rọbí. Wọ́n kanlẹ̀kùn. Akápò ti nawọ́.

Bàbá wọlé tòun ti fèrè tuntun lábíyá. "Mo fowó tọdún yìí rà á ni. N ò tíì mọ̀ ọ́n fọn o." Ó gbé e sún mọ́ ẹnu. "Akápò, èló lẹ máa san kẹ́yin náà lè sinmi?"