Ìtàn Méjì Lára Pátákó

Olùkọ́ fa ilà sí àárín pátákó. Ìtàn ìyá adìẹ wà lápá òsì, ti bàbá kan wà lápá ọ̀tún. Aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú. Tó bá lu mẹ́wàá, mọ́tò yóò gbé ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí olùkọ́ bí lọ wọ bàálù sí òkè òkun. Ọdún méjì rèé tí wọn ò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn kìíní?" ni olùkọ́ bi àwọn ọmọ kíláàsì.

"Ìyá adìẹ fi ẹnu gún ọmọ rẹ̀, ọmọ bínú lọ. Ìyá wá a títí ó fi rí i."

"Ìkejì ńkọ́?"

"Bàbá lé ọmọ rẹ̀ jáde, ó wá jókòó."

"Ṣé arọ ni bàbá yẹn ni, sà?"

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ dáhùn pé:

"Kì í ṣe arọ. Ó ti búra pé òun ò ní kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀."

"Adìẹ kì í búra, sà," ni èyí tó kéré jù láàárín wọn wí.

Olùkọ́ ju ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Ó sáré gba ẹ̀yìnkùlé lọ bá ọmọ rẹ̀ ní ibùdókọ̀.

Kò pẹ́ tí ọmọbìnrin kan yọjú sí ẹnu ọ̀nà, àpò ìrìnàjò lọ́wọ́. Mọ́tò ń fọn fèrè dè é níta.

"Bàbá mi dà?"

"Wọ́n ti sáré lọ."

Fèrè tún dún. Ọmọ kékeré yẹn sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ jókòó, àǹtí. Ìtàn kejì ò tíì parí."