Lábẹ́ Igi Máńgòrò

"Ọlọ́kadà tí mo rán sí ẹ ti dé. Jáde síta," ni Akóredé wí lórí fóònù fún àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ.

Aránṣọ náà jáde sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Oòrùn ọ̀sán Ẹdẹ ń gún un lójú bí abẹ́rẹ́. Àfín ni, bí oòrùn bá ti mú báyìí, ẹyinjú rẹ̀ a máa gbọ̀n, ẹni tó bá wà lódìkejì títì a sì di òjìji lásán. Òjìji méjì ló rí lábẹ́ igi máńgòrò.

"Bọ̀dá mi, ẹni méjì mà ni mò ń rí."

"Èrò ni ìkejì. Ìlú Awo ni mo wà lọ́dọ̀ Ìyá, ara wọn ò yá. Tètè máa bọ̀!"

Ó fẹ́ sọdá, ṣùgbọ́n ó ní ọgbọ́n kan tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó na fóònù sí wọn, ó ya fọ́tò, ó padà sínú ibòòji, ó gbé e sún mọ́ imú, ó sì fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́.

Ọlọ́kadà fi aṣọ bojú. Ẹnì kejì ká àpò ìrẹsì òfìfo sábẹ́ apá, ó gbé fóònù sétí. Búbá tí aránṣọ náà fọwọ́ ara rẹ̀ rán fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà Iléyá ló wà lọ́rùn ẹnì kejì yìí.

"Àbúrò mi," ni ohùn Akóredé tún wí, "ṣé o ti ń sọdá?"